Ẹ Mú Onírorẹ́ Mi Wá

"Bàbá mi, ẹ nu èyí tó wà ní àgbọ̀n yẹn náà kúrò."

Ọmọ ayàwòrán dúró lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo bí irorẹ́ ṣe ń pòórá lójú oníbàárà kan lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti ya fọ́tò tán, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á nu gbogbo àbàwọ́n ojú oníbàárà títí yóò fi máa dán. Láti kékeré ni ọmọbìnrin yìí ti mọ iṣẹ́ náà í ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ojú ènìyàn kì í ṣe fọ́tò.

Irorẹ́ ti bo ojú tirẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ní kíláàsì, "Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó" ni wọ́n ń pè é.

"Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó, ṣé kí n lọ mú ọ̀bẹ wá?"

Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Kí àìsàn tó gbé ìyá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ìyá náà ti kìlọ̀ fún un: "Má tẹ̀ ẹ́ o. Fọ ojú rẹ, kí o sì mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kò sí nílé mọ́, ọmọ kọjú sí dígí, ó ń tẹ irorẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún gbé ìpara wá nínú ike kékeré tí kò ní orúkọ lára.

"Tó bá ta ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn," ni ọ̀rẹ́ náà wí.

Ó ta á lóòótọ́. Awọ ojú rẹ̀ bó, ó dúdú, ó wú.

"Ìyá rẹ tún bèèrè rẹ lónìí," ni bàbá rẹ̀ sọ. "Ṣé o ò ní lọ wò ó ni?"

"Ẹ jẹ́ kí ojú mi jinná ná. Tí wọ́n bá rí mi báyìí, ọkàn wọn á bàjẹ́."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ojú ń tì í láti gba àárín ibùsùn àwọn aláìsàn kọjá kí gbogbo wọn máa wò ó.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde, ó ya fọ́tò ara rẹ̀, ó nu ojú náà mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí bàbá ṣe wọlé, ó nà án sí i.

"Ẹ bá mi gbé e fún ìyá mi. Ẹ sọ pé mò ń bọ̀."

Bàbá wo fọ́tò náà pẹ́. Ó dá iṣẹ́ tí ọmọ náà kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Síbẹ̀ ó gbé e lọ. Ayàwòrán ni, ó rò pé fọ́tò lè dúró fún ènìyàn.

Nígbà tó padà dé, ó gbé fọ́tò náà lé orí tábìlì.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní, 'Ọmọ ta ni eléyìí?' Mo ní ọmọ rẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, 'Ẹ má tan aláìsàn jẹ. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ gbé arẹwà yìí padà, kí ẹ mú onírorẹ́ mi wá.'"

Ọmọ náà sunkún. "Màá bá yín lọ lọ́la," ló wí.

Oòrùn ṣì wà lókè. Wọn ì bá lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ kí ojú tó wú náà rọlẹ̀ díẹ̀ sí i, bàbá rẹ̀ kò sì fi agbára mú un.

Ní òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Bàbá kò jókòó. Nọ́ọ̀sì wo ọmọbìnrin tó fi ìbòmú bo ojú dé abẹ́ ẹyinjú.

"Ìwọ ni ọmọ wọn? Wọ́n ní ká gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, pé o ń bọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni wọ́n dákẹ́."

Ó wọlé. Àga náà wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó bọ́ ìbòmú, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ náà ti tutù. Nínú gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó wo irorẹ́ ojú rẹ̀. Olúkúlùkù ń jẹ ìrora tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà ní kó da ìpara yẹn nù, kó máa fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó máa lo oògùn tí òun fún un, kó má jẹ́ kí oòrùn máa pa ojú náà, kó sì mú ọwọ́ kúrò lára irorẹ́.

"Irorẹ́ kì í gbọ́ ìkánjú," ni dókítà wí. "Àpá tó jìn lè má lọ tán, ṣùgbọ́n yóò fúyẹ́."

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oṣù ń gorí oṣù, ojú náà ń jinná, àfi ihò wẹ́wẹ́ díẹ̀ tó kù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bàbá mi, ẹ wò ó, ojú mi ti mọ́."

"Mo rí i," ni bàbá wí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ọmọ náà fẹ́ fi ojú náà hàn, ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ, irorẹ́ ní ìtọ́jú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò mọ̀ pa ojú. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ojú yín bá dán kí ẹ tó lọ bá ẹni tó fẹ́ràn yín. Ojú yóò jinná nígbà tirẹ̀. Ẹni tó ń retí yín lè má dúró dìgbà náà.