Aṣọ Tí Kò Tíì Mọ Omi

"Tú u," ni ìyá wí.

Òjò-Ń-Bọ̀ wo kọ́là tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Màámi, ta ni yóò rí i? Inú ló wà."

"Èmi ti rí i. Tú u."

Ọmọbìnrin náà kùn sínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò-Ń-Bọ̀ kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, torí gbogbo nǹkan ló máa ń ṣe bí ẹni tó sá aṣọ síta tí ojú ọ̀run sì ń ṣú. Ó ń jẹun bẹ́ẹ̀, ó ń rìn bẹ́ẹ̀, kò sì sí olùkọ́ kan ní ilé-ìwé wọn tí kò tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra kọ̀wé. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Bí ìṣirò bá ṣe lọ́jú pọ̀ tó ni inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó.

Ohun tí kò dùn mọ́ ọn nínú ni ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ìwọ̀nba aṣọ díẹ̀ ni ìyá ń gbà. Gbogbo aṣọ tó bá wọlé ló máa ń kọ́kọ́ rẹ sínú omi, á sá a sábẹ́ òjìji, á tún un rẹ, kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Oníbàárà á wá wọ̀ ọ́ wò, á lọ, á tún padà wá. Àwọn aláwàdà òpópónà wọn máa ń ní bí obìnrin bá ti lóyún, kó yára gbé aṣọ tí ọmọ máa wọ̀ lọ sílé-ìwé fún ìyá. Ìyá máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú máa ń ti ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń tú kọ́là yẹn náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ó gbé aṣọ kan sórí tábìlì, aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ìyá ọmọ yìí ló hun ún," ló wí. "Òun fúnra rẹ̀, lórí òfì. Kò pẹ́ tó gé e sílẹ̀ ni àìsàn mú un lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi rán gáùn fún ọmọ rẹ̀."

Ìyá fọwọ́ pa aṣọ náà. "Kò tíì mọ omi."

"Rárá. Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí òmíràn."

Ọmọ náà fa ìyá láṣọ. "Màmá Aránṣọ, tí mo bá wá dàgbà ńkọ́? Ṣé kò ní kéré jù?"

"Á máa dàgbà pẹ̀lú rẹ. Màá ká púpọ̀ sínú etí rẹ̀. Bí o bá ti ń ga, wá bá mi, màá tú díẹ̀ síta."

"Títí màá fi ga tó màmá mi?"

Màmá Nọ́ọ̀sì yíjú síta. Ìyá fọwọ́ kan orí ọmọ náà. "A ó gbìyànjú ẹ̀," ló wí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pe ìyá pé kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tó ti ń dúró dè. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká kó tó tún yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Rẹ aṣọ Màmá Nọ́ọ̀sì. Sá a, kí o tún un rẹ. Má gé e. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"Òjò-Ń-Bọ̀!"

"Ẹ̀yin náà! Mo ní mo gbọ́."

Ìyá kò tíì dé ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ kíláàsì Òjò-Ń-Bọ̀ fi kún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti parí ìdánwò àṣekágbá, àpèjẹ ìdágbére wọn sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jígí, torí kò sí gíláàsì fèrèsé tó lè kọjá láì wo ara rẹ̀, ló ṣíwájú wọn.

"Síkẹ́ẹ̀tì la fẹ́," ni Jígí wí. "Ṣé ìwọ lè rán an kó tó di Sátidé, àbí ẹ máa kọ́kọ́ wẹ̀ fún un, kí ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì rọ̀ ọ́ sùn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ta Òjò-Ń-Bọ̀ lára. "Ẹ kó aṣọ yín sílẹ̀," ló wí.

Jígí ò lọ nígbà tí àwọn tó kù lọ. Ojú rẹ̀ ti bá aṣọ búlúù náà. "Fi èyí ṣe bẹ́líìtì fún mi jọ̀ọ́. Ẹyọ kan."

"Aṣọ oníbàárà ni."

"Ọmọ kékeré yẹn ló máa wọ gbogbo eléyìí? Ìwọ tí o mọ ìṣirò! Wò ó dáadáa, bẹ́líìtì kan wà níbẹ̀."

Ó yẹ kó gbé aṣọ náà kúrò níwájú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó to àwọn pépà ìwọ̀n sórí rẹ̀, ó yí ọwọ́ gáùn sí ìhín, ó dorí ẹ̀yìn rẹ̀ kodò. Kò gbà. Ó tún un tò. Níkẹyìn ó rí i: bí etí tí wọ́n fẹ́ ká sínú kò bá fẹ̀ ju ìka kan lọ, bẹ́líìtì yóò jáde. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Omi nìkan ló ṣẹ́kù. Bó bá rẹ aṣọ náà bí ìyá ṣe wí, kò ní gbẹ kó tó di Sátidé, Jígí ò sì ní rí bẹ́líìtì sán.

Ó gé e.

Nígbà tí ìyá fi padà dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú, wọ́n ti yin síkẹ́ẹ̀tì níbi àpèjẹ, wọ́n ti yin bẹ́líìtì, gáùn ọmọ náà sì wà lórí ìkọ́, ó ti jẹ áyọ́ọ̀nù. Ìyá fọwọ́ wá a kàn.

"Mo ní kí o má gé e."

"Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, Màámi."

"Ṣé o rẹ ẹ́?"

Ó lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Aṣọ náà ṣì wà nílé, wọn ò tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni.

"Mo rẹ ẹ́, mo sì tún un rẹ."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ojú mi ò tíì là, ojú tìrẹ ni mo fi ń ríran báyìí."

Nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì wá gbà á, ọmọ náà wọ gáùn, ó ń pòòyì láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí gbogbo èèyàn wo ohun tí màmá òun ṣe fún òun. Màmá Nọ́ọ̀sì sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Òjò-Ń-Bọ̀ ní òun fẹ́ lọ ra òwú.

Báńdéèjì ti kúrò lójú ìyá nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì tún dé, òun nìkan. Ó yọ gáùn náà láti inú ọ̀rá. Ó ti súnkì. Ọwọ́ rẹ̀ ti fà sókè, àwọn ìlà funfun náà sì ti wọ́.

"Mo rọra fọ̀ ọ́ ni," ló wí, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Omi tútù ni mo lò. Kò gba orí ọmọ náà kọjá mọ́."

"Ẹ má jáyà, Mà. Aṣọ pọ̀ nínú etí rẹ̀." Ìyá yí gáùn náà sódì. Ìka rẹ̀ rìn yí ká ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dúró, ó tún padà rìn yí ká. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Òjò-Ń-Bọ̀, aṣọ inú rẹ̀ dà?"

Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti bẹ́líìtì, ó sọ ti omi, ó sọ ti irọ́ tó pa. Nígbà tó parí, Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí.

"Agbára ọmọ mi ti ń tán nígbà tó ń hun eléyìí," ló wí. "Á hun díẹ̀, á dùbúlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ n ra aṣọ fún ọmọ, ó kọ̀." Ó ká gáùn náà, ó dì í mọ́ àyà. "Ìwọ ọmọ yìí, ara rẹ le. Kí ló ń lé ọ?"

Òjò-Ń-Bọ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló sáré lọ bá Jígí. Jígí fa bẹ́líìtì náà yọ láàárín àwọn aṣọ ìdọ̀tí. Ó ti gé orí rẹ̀ méjèèjì kó lè bá a mu. "Gbà, jàre. Bẹ́líìtì lásán!" Ìyá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́, ó mi orí. Kò lè di nǹkan kan mọ́.

Ìyá ò nà án. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ni ìyá ń fẹnu ara rẹ̀ sọ fún pé ṣọ́ọ̀bù òun ba aṣọ olóògbé jẹ́. Àwọn kan ní kò burú. Àwọn kan kó aṣọ wọn lọ. Òjò-Ń-Bọ̀ máa ń wà nídìí maṣíìnì, á máa gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tọrọ àforíjì iṣẹ́ tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé ìdí tí ìyá fi ń lọ́ra kì í ṣe pé kò lè yára ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbé aṣọ wá ti fi ohun kan tí kò lè rà padà lé e lọ́wọ́, ibi tí ojú oníbàárà ò sì lè dé nínú iṣẹ́ ni aránṣọ ti ń fi hàn bóyá òun yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé e fún. Ó mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún aṣọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ọmọ náà pàdé níwájú ilé-ìwé, nínú gáùn pupa kan tí wọ́n rà lọ́jà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá àgbà ní kí n má bínú sí yín mọ́, Àǹtí."

"O ṣé o."

"Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú."

"Má pa ìbínú ẹ mọ́ra torí tèmi," ni Òjò-Ń-Bọ̀ wí. "Èmi ni mo ṣe é."

"Aṣọ yẹn ní òórùn ọwọ́ màmá mi," ni ọmọ náà wí. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì ìwé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń lọ sílé.