Ẹni Tó Ń Lọ Gbọ́ Àròyé

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ wo ọ́fíìsì náà. Ó ṣì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn ò tíì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Awakọ̀ tí ìparí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, kì í ṣe ẹni tó ń parọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan la máa sọ. Ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wa.

Aṣòfin kan wà. Orúkọ tí àwọn tó dìbò fún un ń pè é lẹ́yìn ni Ó-Ń-Bọ̀, torí pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀, ohun tí wọ́n ń gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí inú gbogbo èèyàn dùn sí òun ni, kò sì fẹ́ràn ìrìn. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i, akọ̀wé rẹ̀ ló ń kà á, akọ̀wé ló ń fèsì, òun náà ló ń buwọ́ lù ú. Ó ti ń fọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lùwé tipẹ́ débi pé tí ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ buwọ́ lu nǹkan, ilé ìfowópamọ́ á dá a padà.

Obìnrin tó mọṣẹ́ ni akọ̀wé yìí. Ó ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fáàn kan tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, àti fóònù tí kì í sinmi. Ẹni tí gọ́tà ń da omi sílé rẹ̀ á pè. Ẹni tí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ò lórùlé á wá fúnra rẹ̀, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọn á fi tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: "A ti rí lẹ́tà yín, a ó sì wò ó." Gbólóhùn yẹn ti gbó. Àwọn ọmọdé àdúgbò ti fi ń ṣeré.

Lọ́jọ́ kan, àánú ṣe akọ̀wé, ó yí i padà. Aránṣọ kan ló kọ̀wé, obìnrin tó ní ìkókó lọ́wọ́. Òpó iná ti tẹ̀ sórí páànù ilé rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti sùn. Akọ̀wé ka lẹ́tà náà tán, ó wá kọ ọ́ sí i pé: "Màá wá fúnra mi láti gbọ́ ọ." Ó fi han Aṣòfin. Aṣòfin rẹ́rìn-ín.

"Èyí dáa. Ẹ máa kọ ọ́ sí gbogbo ẹ̀."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ máa lọ ni?"

"Akọ̀wé, ṣé a dá ọjọ́ fún wọn ni?"

Báyìí ni gbólóhùn náà ṣe ń jáde lọ, lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà.

Kò pẹ́ tí ìwé ọpẹ́ fi dé. Aránṣọ yẹn ló kọ́kọ́ kọ ọ́. "Ẹ ṣé tí ẹ wá. Mi ò ní àròyé kankan mọ́." Akọ̀wé kà á, ó tún un kà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá awakọ̀, ọkùnrin àgbà kan tó ń fọ mọ́tò lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbé ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan?"

"Ọ̀gá wo? Èyí tí kì í bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ra omi?"

"Ó ní wọ́n wá."

"Tí wọ́n bá wá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìwé ọpẹ́ mìíràn dé, láti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ kan. Òmíràn tún dé láti ọ̀dọ̀ olùkọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń rọ́ dé ni, síbì kan náà sì ni gbogbo wọn ń parí sí: kò sí àròyé mọ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Ó wá ku fáàn nìkan tó ń dún ní ọ́fíìsì náà, ara akọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fu. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Aṣòfin lọ.

"Ọ̀gá, ẹnì kan ń fi orúkọ yín rìn káàkiri."

"Ṣé ó ń bà á jẹ́ ni?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó ń bá mi rìn, kí n wá lé e ni?"

Nígbà tí wọ́n jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, akọ̀wé ò jẹun. Ilé aránṣọ ló gbà lọ.

Oòrùn mú. Àdúgbò náà dákẹ́. Òpó iná ti wó. Ó ti gba orí páànù wọlé, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ láàárín yàrá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni aránṣọ jókòó sí, tó ń wa máṣíìnì. Aṣọ tó ń rán rin gbingbin, torí ibi tí páànù ti ya ni òjò àná gbà wọlé. Ìkókó rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí ẹní. Ojú ọmọ náà là sílẹ̀. Èèrà ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rìn lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún.

"Màmá ìkókó, òpó yìí ti wó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni?"

"Aṣòfin ti wá. Wọ́n ti gbọ́ ọ."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n gbọ́ ọ ni." Aránṣọ feyín já òwú. "Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n jókòó sí. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń gbọ́, wọ́n ń gbọ́, títí gbogbo ẹ̀ fi tán nínú mi. Ni wọ́n bá dìde."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Máṣíìnì dúró. "Wọ́n jọ Aṣòfin." Ó ronú. "Etí wọn nìkan ni mo rántí."

Akọ̀wé gbọn èèrà kúrò lára ọmọ náà, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Aránṣọ dúpẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n bá ṣa abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Bàbá tirẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn.

Òpópónà tó tẹ̀ lé ti aránṣọ ni Bàbá ń gbé. Ó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó ti fẹ̀yìn tì, àròyé sì ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ ti dí; tí òjò bá rọ̀, omi á wọ yàrá. Ìgbà gbogbo ló ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, á gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Tí akọ̀wé bá ní kó kàn pe òun, á ní ọ̀rọ̀ ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ló máa ń wí.

Orí fóònù ló ń fi ọ̀rọ̀ ẹbí sí. Pé ọmọ òun ò wá kí òun. Pé nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ́fíìsì ló jókòó sí. Pé òun nìkan lòun di ọwọ́ obìnrin náà mú nígbà tó ń kú lọ. Kò sígbà tó pè tí kò ní sọ ọ́. Akọ̀wé á gbé fóònù jìnnà sétí, á máa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bó ṣe padà sí ọ́fíìsì, ó wá lẹ́tà Bàbá jáde láàárín àwọn tí kò tíì fèsì sí. Èsì àtijọ́ ló kọ sí i: a ti rí lẹ́tà yín, a ó sì wò ó. Bàbá nìkan ló kọ ọ́ sí. Ó rò pé òun ti fi Bàbá pamọ́ fún ẹni tó ń rìn káàkiri náà nìyẹn. Nígbà tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ Bàbá, fóònù dún.

"Kí ni mo fi ṣe yín ní ọ́fíìsì yẹn?"

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Wọ́n lọ sílé alágbàfọ̀. Wọ́n lọ sílé ẹni tó wà níwájú mi, wọ́n lọ sílé ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n fò mí dá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá wá, ẹ má ṣílẹ̀kùn."

"Fún ẹni tí mo dìbò fún?"

"Kì í ṣe òun ni."

"Ta wá ni?"

Akọ̀wé ò mọ̀. "Ẹ ṣáà má sọ nǹkan kan fún un."

"Èmi? Kí n má sọ nǹkan kan?" Bàbá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ìyá ẹ náà dákẹ́ báyìí. Ó ní kí n má pè ẹ́, pé o wà lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí i, ó sì tún kọ lẹ́tà mìíràn.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé, wọ́n ti rán akọ̀wé lọ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀. Aṣòfin nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Fóònù ò dún, kò sí àlejò, kò sí ohun tó ń ṣe. Ó ṣí lẹ́tà náà, ó sì mọ orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé padà dé, ojú ọkùnrin náà ń dán.

"Mo ti fèsì lẹ́tà Bàbá yín. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ kọ ọ́. Awakọ̀ ti mú un lọ fún wọn."

"Ọ̀gá, kí lẹ kọ?"

"Ohun tí à ń kọ sí gbogbo èèyàn náà ni. Mo ní kí inú yín dùn ni."

Akọ̀wé ò pariwo, torí kò sí ohun tí ariwo lè ṣe sí i. Ó mú báàgì rẹ̀, ó bá awakọ̀ nísàlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún gbé òun lọ síbi tó ti ń bọ̀ yẹn.

Òjò ti rọ̀, ó ti dá. Omi bo òpópónà Bàbá dé kókósẹ̀, mọ́tò ò lè wọ ibẹ̀. Akọ̀wé fẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, nínú omi, wọ́n ń kí i jẹ́jẹ́ bó ṣe ń kọjá. Rédíò kankan ò dún. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìró ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ nínú omi náà.

Ilẹ̀kùn Bàbá wà ní ṣíṣí. Bàbá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti mumi. Àga kejì kọjú sí tirẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ ṣì tẹ̀ wọnú.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

"Bàbá, omi ti wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Akọ̀wé dúró. "Ó pẹ́ tí mo ti wá síbí."

"O ti wá báyìí."

"Ṣé ẹ ò ní bá mi wí ni?"

"Kí lo ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ Ìyá mi. Pé mi ò wá. Bàbá, ẹ sọ ọ́."

Bàbá ronú, bíi ti ẹni tí àlejò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí wàhálà."

Ìgbà náà ló yé akọ̀wé pé inú àròyé yẹn ni Bàbá fi ìyàwó rẹ̀ pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí, kò sì ní ibòmíràn tó fi í sí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Bàbá sì ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Kò síbi tí èèyàn lè jókòó sí àfi àga kejì yẹn. Ó jókòó sí i. Ó ṣì gbóná.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá sọ ọ́. Ó sọ ti gọ́tà. Ó sọ ti àìsàn, ti fóònù tí Bàbá ń pè tí òun ń gbé jìnnà sétí, ti ọwọ́ tó di ọwọ́ mú. "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Bàbá. Èmi ò sí níbẹ̀. Ẹ rántí." Bí Bàbá ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ló ṣe sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó máa gbọ́ ọ tán. Ó rò pé tí òun bá sọ ọ́ tó, á padà sínú ọkùnrin náà. Bàbá ń mi orí.

Nígbà tó dákẹ́ kó lè mí, ó gbọ́ omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe ìró ẹni tó ń bọ̀. Ìró ẹni tó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́, tó kàn gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ló jọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́ nítorí ìyá rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lọ.

Ẹnu awakọ̀ la ti gbọ́ ìyókù. Ó ní òun dúró sí ìpẹ̀kun òpópónà níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, òun ò rí ẹnikẹ́ni tó wọ ilé náà tàbí tó jáde níbẹ̀ àfi akọ̀wé. Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí akọ̀wé padà dé. Kò wọ bàtà. Nǹkan ti gé e lẹ́sẹ̀ nínú omi, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, kò sì wo ibẹ̀.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ṣé ká lọ gbé wọn kúrò nínú omi yẹn?"

"Ẹ má ṣèyọnu."

Awakọ̀ wà níbi ìsìnkú ìyá akọ̀wé. Ó mọ bó ṣe sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì rò pé ìyẹn ló ń rò. Ó fẹ́ tù ú nínú. Ó ní Ọlọ́run á bá wọn tẹ́ Ìyá sí afẹ́fẹ́ rere.

Akọ̀wé yíjú sí i. Ojú rẹ̀ tutù, ó sì fara balẹ̀ béèrè.

"Ta ni?"

"Ìyá yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni akọ̀wé wí. "Ẹ ṣé."

Awakọ̀ tan iná mọ́tò, wọ́n sì lọ.