Asẹ́ Funfun Láti Inú Omi Ẹlẹ́gbin

Òórùn ló kọ́kọ́ kí Imúkìípurọ́ káàbọ̀ sétí òkun. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìí ti rí òkú tó ti jẹrà rí, kò bì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ya jáde lẹ́nu páìpù tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan níbẹ̀ mú kó fọwọ́ di imú. Nítòsí ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru ti gbé mẹ́ta nínú wọn dé ọsibítù.

Olè tó jà nílé àyẹ̀wò òkun ló gbé e wá. Ọmọbìnrin tó ń sẹ́ omi níbẹ̀ ló pariwo pé ẹnì kan ti pààrọ̀ bébà asẹ́ tó wà nínú fìríìsà, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní ọmọbìnrin náà ló ṣe é.

"Ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún mi bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀," ni Imúkìípurọ́ wí fún ọmọbìnrin náà nígbà tó dé ilé àyẹ̀wò.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, a máa ń da omi òkun sórí asẹ́ títí á fi dí. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó léfòó nínú omi á dúró sórí rẹ̀. Náítrójìn oríṣi méjì ló wà nínú ìdọ̀tí náà, ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ. Èyí tó wúwo kì í pọ̀ ní àárín agbami tiwa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí. Àmọ́ níbi tí ìgbẹ́ èèyàn bá ti wọ omi, á lé sí i. Ẹ̀rọ la fi ń wọ̀n ọ́n."

"Kí wá ni ẹ̀rọ sọ nípa ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì?"

"Ó ní kò yàtọ̀ sí agbami." Ó bú sẹ́kún. "Asẹ́ tí mo ká pamọ́ kọ́ nìyẹn! Wọ́n á ní omi mọ́, àwọn ọmọ á sì máa wẹ̀ lọ."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ fìríìsà?"

"Èmi àti ọ̀gá wa nìkan."

Ọ̀gá náà wọlé, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. "Ó ti ṣàṣìṣe, ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ bá mi sẹ́ èyí."

Imúkìípurọ́ gbé ìgò omi tó bù lẹ́nu páìpù kalẹ̀. Ọ̀gá náà dà á sórí asẹ́ tuntun. Omi náà ò tíì tó ààbọ̀ ife tí asẹ́ náà fi dí pátápátá, tó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀gá náà yára bo imú. Ọlọ́pàá tẹ́ asẹ́ inú fìríìsà, èyí tí wọ́n kọ "ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì" sí lára, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó funfun láúláú.

"Omi òkun máa ń yí padà," ni ọ̀gá wí.

"Òótọ́ ni. Ta ló ni òtẹ́ẹ̀lì yẹn?"

"Àna mi ni. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ ọmọ mi. Kí ló kan ìyẹn?"

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ làwọn náà ti ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Ibẹ̀ kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ti kìlọ̀ fún ìyá wọn pé ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ kan…"

Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ parí ẹ̀, bàbá. Ẹni tó bá pààrọ̀ asẹ́ kò ní pariwo síta pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ju asẹ́ ọmọbìnrin yìí nù, tí ẹ sì fi ti agbami rọ́pò. Ẹ rò pé ẹ̀rọ á gbè yín, ẹ wá gbàgbé pé ojú lásán náà mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ẹ mọ ohun tó wà nínú omi yẹn, ẹ ṣọ́ tiyín, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ẹ̀. Omi kọ́ lẹ dà síwájú. Ìgbẹ́ ni."

Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì nu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó fọwọ́ kan páìpù. Lẹ́yìn náà ló sáré bọ́ sétí òkun.

"Ẹ jáde!" ló ń ké. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jáde nínú omi yẹn!"