Ìda Pupa Lẹ́nu Ẹ̀rọ Akígbe

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́kadà kan já báàgì gbà lọ́wọ́ tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára okùn báàgì náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣe é: bí ẹnikẹ́ni bá fi agbára fa okùn yẹn, ẹ̀rọ yóò figbe ta, olè yóò sì bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ yadi. Ìyá ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Nínú gọ́tà ni Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ti rí ẹ̀rọ náà. Ìda àbẹ́là pupa ni wọ́n fi dí ihò tí ohùn ń gbà jáde.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló bèèrè ọ̀rọ̀ kí ìyá tó dá a lóhùn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o, ọmọ mi. Lóòótọ́ etí mi ti ń wúwo, àmọ́ igbe yẹn, òkú á gbọ́ ọ. Akoto ni ọlọ́kadà yẹn dé sórí, mi ò rójú ẹ̀."

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí gbẹ̀yìn?"

"Àbúrò ọkọ ọmọ mi. Ó wá pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ lánàá. Ọmọ dáadáa ni. Ọmọ tèmi ò ráyè wá láti oṣù kan."

Ọmọbìnrin ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọ̀la nìgbìmọ̀ ìlú máa sọ bóyá wọ́n á ra ẹ̀rọ yìí fáwọn nọ́ọ̀sì. Ta ló máa ra ohun tí ò gba ìyá mi sílẹ̀?"

"Ìda ńkọ́?"

Ojú tì í. "Onílé ò fẹ́ ariwo. Tá a bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, a máa ń fi ìda dí ẹnu ẹ̀, ká tó wá yọ ọ́. Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé. Èmi ni mo ṣe ìyá mi léṣe." Ó bú sẹ́kún.

"Ìyàwó wa, ẹ má sunkún mọ́," ni àbúrò ọkọ rẹ̀ wí. Òun ló ń bá a jó wáyà pọ̀. Akọ̀wé ni ìyàwó ń pè é. "Àṣìṣe ni. Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé."

Ìsípẹ́kítọ̀ wo akoto kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì mú àbẹ́là pupa kan lórí tábìlì. "Ìgbà wo lẹ ra èyí?"

"Ọjọ́ Ajé yìí," ni obìnrin náà wí. "Funfun là ń lò tẹ́lẹ̀."

Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí àwọn méjèèjì tẹ̀ lé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá.

"Ó ti tó oṣù kan tí ẹ̀rọ yìí ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù," ló wí níwájú wọn. "Ká ní ìyàwó yín ló gbàgbé, ìda funfun là bá bá lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ni pupa dé, Akọ̀wé, ìwọ nìkan lo sì débí. Akoto ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

Akọ̀wé wolẹ̀. "Inú orí èmi ni èrò ẹ̀rọ yìí ti kọ́kọ́ wá. Orúkọ tiyín nìkan lẹ kọ sára páálí ẹ̀, ìyàwó wa. Èmi ni mo gun ọ̀kadà yẹn; mo kàn fẹ́ kí ìgbìmọ̀ kọ̀ ọ́ lọ́la ni. Mi ò mọ̀ pé Mọ́mì á ṣubú."

"Mo ṣàdúrà fún ẹ lánàá," ni ìyá wí, "nígbà tó o jókòó síbí tó ò ń dí i."

Akọ̀wé ò lè wojú rẹ̀. Ọlọ́pàá mú un jáde.

Ọmọ fi èékánná họ ìda náà kúrò, ó sì fa okùn. Igbe sọ. Àwọn tó wà ní títì dúró, wọ́n yíjú sílé náà. Ìyá fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó yá bo etí rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Gbé e lọ bá wọn lọ́la."