Ẹsẹ̀ Tó Wà Lórí Pẹ́dáàlì

Ọjọ́ tí Onígìtá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó gbá pẹ́dáàlì kan, irú èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè ròkè, mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

"Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Pẹ́dáàlì yìí àti àpótí MIDI tí mo fi ń darí ohùn gìtá mi, wọn ò gbọ́ra wọn yé."

"Ta ni àǹtí yín?" ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ dá a lóhùn. Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó tú ìdí pẹ́dáàlì náà. "Kì í ṣe gbogbo pẹ́dáàlì ló bá gbogbo àpótí mu. Ojú wáyà tí tiyín ń gbà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ kọ́ ni àpótí yín ti ń fetí gbọ́. Mo máa pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fẹsẹ̀ kàn án bí ẹ bá ń tan àpótí o. Bí àpótí bá ṣe bá pẹ́dáàlì nígbà tó ń tàn ló máa kà sí ìgbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wá dorí kodò."

Onígìtá tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ó ní súìṣì òun ń pa nígbà tó yẹ kó tàn. Oníwáyà bá a tún un ṣe. Nígbà tó tún dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Kí ló tún bàjẹ́?"

"Èmi ni," ó wí.

Oníwáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn.

Bàbá Oníwáyà ló ni ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. "Olórin? Lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún. Wọ́n ní ó fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé. Màá lọ. Bó bá dójú ti ara rẹ̀, kó má ṣe dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé."

Ìyá Oníwáyà bẹ̀bẹ̀ títí, bàbá kò yí ohùn padà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Oníwáyà ń rò. Ọwọ́ òun ló so wáyà yẹn. Bó bá já, òun ló já ìfẹ́ ara òun.

Lọ́sàn-án Sátidé, kó tó bọ́ sórí pèpéle, Onígìtá di ọwọ́ Oníwáyà mú. "Olólùfẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi ò dúró sójú kan."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó dáhùn, ó sì lọ jókòó ti bàbá rẹ̀.

Onígìtá jókòó, ó fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dáàlì mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà má baà gbọ̀n, ó sì tan àpótí. Oníwáyà rí i. Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe tẹ pẹ́dáàlì kí ohùn lè ròkè, ńṣe ni ohùn kú. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀, ó pariwo tí àwọn èèyàn fi di etí. Ẹ̀rín sọ. Bàbá ká ọwọ́ lérí àyà.

Wáyà mi ni, Oníwáyà ń sọ nínú ara rẹ̀, mo ti ba ayé ara mi jẹ́.

Onígìtá mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọṣẹ́ ẹ̀. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Ìgbà yẹn ni Oníwáyà rántí ẹsẹ̀ Onígìtá tó wà lórí pẹ́dáàlì nígbà tó ń tan àpótí. Ó dìde.

"Níbo lò ń lọ?" bàbá bi í.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá."

Ó gun pèpéle níṣojú gbogbo èèyàn, ó lóṣòó ti pẹ́dáàlì. "Gbẹ́sẹ̀ kúrò, ìfẹ́ mi."

"Bí mo bá gbé e, á máa gbọ̀n."

"Jẹ́ kó gbọ̀n. Gbé e lé tèmi."

Onígìtá gbé ẹsẹ̀ lé bàtà Oníwáyà. Oníwáyà pa àpótí, ó tún un tàn. Nígbà tí Onígìtá tún tẹ pẹ́dáàlì, ohùn gìtá dìde jẹ́jẹ́, ó kún gbọ̀ngàn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Síbẹ̀ Oníwáyà kò lè bojú wo ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni bàbá ti dúró dè wọ́n.

"Ta ló ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́?"

"Èmi ni, bàbá," Onígìtá wí.

"Mo rí i nígbà tó ń ṣe é, mi ò sọ̀rọ̀," Oníwáyà wí.

Bàbá yíjú sí Onígìtá. "Olórin pọ̀ lóde. Èyí tí nǹkan dàrú mọ́ lọ́wọ́, tí kò nàka sí ọmọ mi, ìwọ nìkan ni mo rí. Sọ fáwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá rí mi."

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá, ẹsẹ̀ Onígìtá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ àga. Oníwáyà rọra na bàtà tirẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ náà. Bàbá nìkan ló rí i, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí nǹkan.