Òwú Inú Síkẹ́ẹ̀tì

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi dandan gbà á gbọ́. Síkẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ọmọ tó ni ín ṣì ń wọ̀ ọ́, àwọn tó ṣojú wọn sì wà láàyè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò bù kúrò níbẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń ránṣọ. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, ọmọ náà sì fẹ́ lọ kàwé ní ìlú òkèèrè kan tí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá rẹ̀ ní kò níí lọ lọ́wọ́ òfo. Òun máa rán síkẹ́ẹ̀tì kan fún un, èyí tí òtútù máa rí tí á yà lọ́nà.

Ó gbé aṣọ méjì léra, ó tẹ́ òwú sáàárín wọn, irú òwú funfun tí à ń kì sínú ìrọ̀rí. Ó wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní òró àti ní ìbú títí ó fi di ojú kéékèèké. Ojú méjìdínláàádọ́ta. Ojú kọ̀ọ̀kan wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n dí pa. Òwú kankan kò lè jáde níbẹ̀ àfi bí èèyàn bá tú u.

Ó wá ku ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Ó fa àpótí àtijọ́ kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó mú aṣọ pupa kan níbẹ̀. Ó ń gé e, ó ń ká a, ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ di òdòdó, ó sì ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí àárín wọn. Àpótí yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, òun náà ti di ẹrù sínú rẹ̀. Ó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní òkèèrè. Bàbá rẹ̀ ní kò síbi tó ń lọ, Ìyá Aránṣọ bá tú ẹrù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a sílẹ̀, á ní ọ̀rọ̀ àná ti bá àná lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, oorun gbé e lọ. Nígbà tó jí, ilé dákẹ́. Fáànù ti dúró. Ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú, ó mu omi ife méjì. Ó wá gbé síkẹ́ẹ̀tì náà.

Ojú kan ti di pẹlẹbẹ.

Ó tẹ̀ ẹ́. Aṣọ kan aṣọ, kò sí nǹkan kan láàárín. Ó yẹ ojú ìrán rẹ̀ wò, kò sí èyí tó já. Ó gbé e síbi fèrèsé, kò rí ihò. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ti ń kan òun, ó ní láti jẹ́ pé òun gbàgbé láti tẹ́ òwú síbẹ̀ ni. Ó tú u, ó kì í, ó rán an padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú mẹ́fà. Lọ́jọ́rú, mẹ́tàdínlógún. Ìgbà tó bá jí lójú oorun ọ̀sán ló máa ń rí i, lẹ́yìn tó bá ti wá omi mu. Ọmọ rẹ̀ tó ń di ẹrù ní yàrá kejì sọ pé lọ́sàn-án, òun máa ń gbọ́ ìró kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí àgùntàn bá ń jẹko. Bí òun bá sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ dáadáa, ìró náà á dákẹ́.

"Eku ni," ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, eku wo ló ń jẹ òwú tí kò ní dá aṣọ lu?"

Ìyá Aránṣọ ń kì òwú mìíràn sínú àwọn ojú tó ṣófo. Ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé inú ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Èèyàn mẹ́ta ló sì wà nínú ilé yẹn: òun, ọmọ òun, àti ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Obìnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò bímọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí náà ló fi ṣe ọmọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Aránṣọ wá abẹ́rẹ́ dé inú báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òwú ló bá níbẹ̀, òwú ilé ìwòsàn tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. Nọ́ọ̀sì wo ni kì í ní òwú lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n inú tó ti gbóná kì í ro bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀," ó ní. "Òwú kọ́ lẹ ń jẹ. Owú ni. Torí pé ẹ ò ní ọmọ tó ń lọ síbì kankan."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé egungun, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó wá tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kékeré jáde.

"Ẹni tó bá ń jẹ òwú, ẹnu rẹ̀ ló máa gbẹ," ó ní. "Ta ló ń mu omi ní àmutúnmu nínú wa? Ya ẹnu rẹ."

Ìyá Aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yanu.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wò ó pẹ́. Ó fi ìka méjì mú nǹkan kan láàárín eyín ẹ̀yìn, ó fà á. Ó ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀. Òwú funfun ni, ó ti rin fún itọ́, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Fọ́nrán pupa tín-ín-rín kan lọ́ mọ́ ọn, irú èyí tí Ìyá Aránṣọ fi ń rán òdòdó mọ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń jẹ ohun tó wà nínú aṣọ tí wọ́n ti rán pa. Mo bi àwọn náà. Wọn kò mọ̀.

Ìyá Aránṣọ jókòó. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Inú mi dùn pé o ń lọ," ó ní. "Ó sì ń dùn mí. Èmi náà ti di ẹrù rí."

Ó kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á dìde, ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ ló ti jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Aránṣọ kò sùn lọ́sàn-án rárá. Ó jókòó ti síkẹ́ẹ̀tì náà, ẹnu rẹ̀ wà ní pípa dé. Síbẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ojú méjìdínláàádọ́ta ló ti di pẹlẹbẹ. Ó ní kí wọ́n sun ún. Ọmọ rẹ̀ kọ̀. Ó ní òun ni wọ́n rán an fún, ó ká a bí ìwé, ó fi sísàlẹ̀ ẹrù rẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òtútù ti dé, òun sì gbé síkẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó wúwo lọ́wọ́ òun. Ó ti kún. Ó ní ó ń móoru bí ara èèyàn. Ìyá Aránṣọ sunkún ayọ̀, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá gbọ́.

"Ojú kan péré ló ṣófo," ọmọ náà wí, "èyí tó wà lábẹ́ òdòdó àárín. Màmá, ṣé òwú yẹn ṣì kù lọ́dọ̀ yín?"

 Ife omi Ìyá Aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ti mu ún tán. Ó rọra fi ahọ́n tọ́ ẹ̀yìn eyín rẹ̀ wò.

"Ó ṣì kù díẹ̀," ó ní.