Ẹ Jẹ́ Kójò Rọ̀ Ná

Ọjọ́ tí Ikrimah kọ́kọ́ wọ ọgbà wa, ṣe ni Hamidah kọ̀ tí ò ta igi fún un. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, kò sí ohun dídùn kankan níbẹ̀.

Èmi Rájí ni mò ń sọ ọ́. Àyìsátù, ìyá Hamidah, àbúrò mi ni. Bàbá ọmọ náà ti kú, èmi ni mo wà nípò bàbá. Hamidah kàwé nípa ọ̀gbìn, nígbà tó sì jáde, ó dá ọgbà fúláwà sílẹ̀ létí ọ̀nà, bí èèyàn bá ń jáde ní Òmù-Àrán lọ sọ́nà Ẹ̀sìẹ́. Igi táwọn èèyàn ń gbìn síwájú ilé ló ń tọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n jókòó sórí àpótí, kí n máa rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú náílọ̀nù dúdú, kí n sì máa dá sọ́rọ̀ tí ò kàn mí.

Ikrimah wa káńtà wá láti Share. Òun ló máa ń bá àwọn tó bá kọ́lé tuntun gbin igi àti koríko sí àgbàlá wọn. Ó rìn yíká, ó ń wo igi másíkirédì. Ẹ mọ igi yẹn, èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé ẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ eégún, tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Ó lọ síbi àwọn tó ga jù, ó ní àwọn yẹn lòun fẹ́.

Hamidah ní wọn ò ṣe é tà. Ikrimah bi í pé kí ló dé, ṣé ẹbí ẹ̀ ni wọ́n ni? Mo rẹ́rìn-ín. Hamidah ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ la náílọ̀nù ọ̀kan, ó gbé ìdí igi náà sókè fún un. Gbòǹgbò ti wé mọ́ra bí òṣùká.

"Ó ti pẹ́ jù nínú náílọ̀nù kékeré," ló wí. "Tó o bá gbìn ín, kò ní ta gbòǹgbò jìnnà. Á kàn máa wé mọ́ra ẹ̀ nínú ilẹ̀ títí atẹ́gùn á fi gbé e ṣubú. Kúkúrú tó nípọn nídìí yìí ni kó o mú."

"Àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi, gíga ni wọ́n ń wò."

"Ṣé àwọn ni wọ́n máa bá ẹ gbé e dìde tó bá ṣubú?"

Ikrimah wò ó, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé bó ṣe máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nìyí?"

Mo ní tiẹ̀ tilẹ̀ sàn, àwọn mìíràn kì í rí ìdáhùn gbà.

Kúkúrú náà ló rà. Kò pẹ́, ó tún dé. Igi kan ṣoṣo ló wá rà, láti Share o. Nígbà tó tún wá lẹ́yìn ìyẹn, kò ra nǹkan kan, ó ní òun wá kí Bàbá. Mo ti dàgbà, ojú mi ò fọ́. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló wá kí.

Èso másíkirédì kì í dúró de èèyàn. Àdán ló máa ń jẹ ẹran ara ẹ̀ lókè, tí á sì ju kóró ẹ̀ sílẹ̀. Kóró tó o bá ṣà lónìí, òní náà ni kó o rì í. Tó o bá lọ tọ́jú ẹ̀ sí àjà bí àgbàdo, ó ti kú nìyẹn. Nígbà tí àsìkò ẹ̀ tó, àwọn méjèèjì á jí lọ ṣa kóró lábẹ́ igi ńlá, wọ́n á gbé e dé nínú kóróbá, wọ́n á jókòó tì mí, a ó jọ máa rì í sínú iyẹ̀pẹ̀ tí a ti pò mọ́ yanrìn odò àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ikrimah á ní, "Ọkàn mi, ṣé bí mo ṣe rì í yìí dáa?"

Hamidah á ní, "Ọkàn ẹ ti rì í jù, fà á sókè díẹ̀."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun fẹ́ràn Ikrimah, pé òun ò tíì rí ẹni tó ń pa òun lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Àyìsátù ní Share jìnnà, Tápà sì ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Hamidah ní Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ, tí òun bá sì gbọ́ Tápà kún un, kò burú.

Bàbá Ikrimah, Àlàájì Ndako, kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó le. Ó ní ilẹ̀ tó fẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun, gbogbo ẹ̀ ni Hamidah lè fi tọ́ igi. Inú wa dùn. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ dórí ọjọ́. Àlàájì ní kí ààwẹ̀ tó wọlé ni kí wọ́n so yìgì, kí ìyàwó sì máa bọ̀ ní Share. Hamidah ní, "Àlàájì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kójò rọ̀ ná."

Nǹkan tó fà á rèé. Igi tó wà nínú náílọ̀nù, ṣe là ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn lóòrèkóòrè, kí gbòǹgbò ẹ̀ má bàa rí ààyè wọlẹ̀. Lọ́dún tí Àyìsátù ṣàìsàn, a ò rójú ráàyè gbé wọn. Àwọn másíkirédì ńlá mìíràn ti fi gbòǹgbò lu náílọ̀nù wọlẹ̀ ṣinṣin. Irú ìyẹn, gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan lèèyàn á kọ́kọ́ gé, á jẹ́ kó simi, á tún gé ẹ̀gbẹ́ kejì, á gbé e sábẹ́ ìbòòji, nígbà òjò ló sì ń rìnrìn àjò. Ẹni tó bá fà á tu nínú ẹ̀ẹ̀rùn, igi ìdáná ló ń kó lọ.

Kò yé Àlàájì. Ó ní òun ti gbọ́ kí ọmọbìnrin ní òun ń dúró de ìwé òun, òun ti gbọ́ kó ní òun ń dúró de ẹ̀gbọ́n òun, èyí tó ń dúró de igi, òun ò gbọ́ ọ rí. Ó ní tí kò bá fẹ́ ọmọ òun, kó sọ. Ó sì sọ fún Ikrimah pé tí ààwẹ̀ bá wọlé láìsí yìgì, Yusrah, ọmọ ọ̀rẹ́ òun, wà ní Share, kò sí igi lọ́rùn tiẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àyìsátù bi ọmọ ẹ̀ pé, "Ṣé ọkọ lo máa fẹ́ ni, àbí igi?"

Ọmọ náà sunkún. "Ìyá mi, mo fẹ́ Ikrimah, mo sì fẹ́ igi mi. Èwo ló burú níbẹ̀?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí èmi àti Hamidah lọ kí èèyàn wa kan ní Ẹ̀sìẹ́. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú tákísí, oòrùn ti le, ni káńtà kan yọ níwájú wa. Igi ló kún ẹ̀yìn ẹ̀, atẹ́gùn ń gbá wọn síwá sẹ́yìn.

Hamidah dì mí lápá mú. "Bàbá, igi mi nìyẹn."

Mo ní báwo ló ṣe mọ̀, igi ò ní ilà lójú. Ó ti ń ní kí dírẹ́bà dúró.

Ikrimah ló bọ́ sílẹ̀ nínú káńtà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wọlé ìbò. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti fà wọ́n tu láti àárọ̀. Ó ní, "Ọkàn mi, mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀. Tí igi bá ti wà ní Share, kò sóhun tó tún ń dá ẹ dúró."

Hamidah ò pariwo. Ó gun ẹ̀yìn káńtà, ó fọwọ́ kan ewé, ó wo ìdí ẹ̀. Gbòǹgbò ti já jákujàku. Ó ní kó yí ọkọ̀ padà. Ẹ̀rín kú lójú Ikrimah.

Nígbà tí a dé ọgbà, Hamidah mú ọ̀bẹ tó mú, ó gé ojú gbòǹgbò tó ya kó lè jinná. Ó já ìdajì ewé dànù lára igi kọ̀ọ̀kan, torí ewé púpọ̀ ló máa fa omi tó kù lára ẹ̀ gbẹ. Ikrimah lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi ṣe àtíbàbà lé wọn lórí. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Hamidah ní kó máa lọ sílé, kó sọ fún bàbá ẹ̀ pé kó lọ fẹ́ Yusrah fún un.

"Mi ò lọ," Ikrimah ní. "Èmi ni mo fà wọ́n tu, èmi ni màá bomi rin wọ́n títí wọ́n á fi rúwé."

"Máa bomi rin wọ́n. Má bá mi sọ̀rọ̀."

Ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn. Ní ọgbà, èmi ni wọ́n wá sọ di agbọ̀rọ̀sọ.

Hamidah á ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn pé àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kó máa bomi, kó má ṣe é lójú oòrùn." Ẹni yẹn rèé, ó dúró síwájú ẹ̀ gan-an, ó gbé kóróbá lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ sọ fún un pé mo gbọ́."

"Bàbá, ẹ ní kó má jẹ́ kómi dúró nídìí wọn, gbòǹgbò á jẹrà."

"Bàbá, ẹ ní mo ti lu ihò sí i."

Ó sú mi. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ máa fi mí ṣe fóònù, kí wọ́n máa ra káàdì sí mi lẹ́nu. Hamidah yíjú kíá, àmọ́ mo rí èjìká ẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

Ààwẹ̀ wọlé. Ọjọ́ tí Àlàájì dá kọjá. Ikrimah ń gbààwẹ̀, ó sì ń pọnmi. Àwọn igi kan gbẹ, àwọn kan dúró bí ẹni tó ń rò ó bóyá kóun kú tàbí kóun má kú. Tí ọ̀kan bá gbẹ, Ikrimah ò ní lè wojú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Mo rí Hamidah tó ń wò ó látẹ̀yìn. Ìfẹ́ ò kúrò lójú ẹ̀, ìbínú ló jókòó lé e lórí.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájì Ndako fúnra ẹ̀ dé. Ó bá ọmọ ẹ̀ láìwọ ẹ̀wù, kóróbá méjì lọ́wọ́, ètè ti gbẹ. Ó bá a sọ Tápà. Mi ò gbọ́ Tápà, àmọ́ mo gbọ́ ìbínú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Alàgbà Rájí, ọmọ yìí ò pọnmi rí nílé mi."

Mo ní, "Àlàájì, níbí, kànga ti mọ̀ ọ́n lórúkọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Hamidah kúnlẹ̀ kí i. Àlàájì ní, "Ọmọ mi, sọ ọ́ lójú mi. Ṣé o fẹ́ wá sí Share, àbí o ò fẹ́?"

Hamidah mú un lọ sábẹ́ àtíbàbà. Èyí tó kú wà níbẹ̀, ó gbẹ bí ìgbálẹ̀. Èyí tó yè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ewé tuntun pupa rúsúrúsú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lára ẹ̀.

"Àlàájì, oòrùn kan náà ni wọ́n jọ rìn. Mi ò sọ pé mi ò wá. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kójò rọ̀, kí n lè kó wọn wá láàyè. Tí mo bá dé ilé yín, tí gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ wá kú lójú mi, irú ìyàwó wo lẹ máa rí nínú mi?"

Àlàájì fọwọ́ kan ewé tuntun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Òkè-Ọdẹ ni mo ti fẹ́ ìyá Ikrimah," ló ní. "Ó bẹ̀ mí pé kóun wa iṣu òun tán kóun tó tẹ̀lé mi. Mo ní ìyàwó kì í dúró de iṣu. Ó tẹ̀lé mi. Iṣu yẹn jẹrà sóko. Títí di òní yìí, mi ò lè jẹ iyán lálàáfíà nílé mi."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àtòun náà.

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ igi títí á fi darúgbó. Ẹ jẹ́ kójò rọ̀."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀gáríbì, Àlàájì ti lọ. Hamidah gbé àkàrà àti kókó jáde. Ó ní, "Ikrimah, fọwọ́, wá ṣínu."

Ikrimah wojú mi kí n jíṣẹ́ fún un. Èmi ń wo sánmọ̀.

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ṣé Ikrimah míì wà níbí ni?"

Ojú ẹ̀ kún fómi, ó ní, "Hamidah, má bínú. Ìbẹ̀rù pé mo máa pàdánù ẹ ló kó sí mi lórí."

"Mo mọ̀," ló ní. "Jẹun. Èmi náà ti bẹ̀rù."

Òjò rọ̀. Yìgì so nínú òjò ọ̀hún, àwọn èèyàn ń ráhùn ẹrẹ̀, ìyàwó nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn méjèèjì ti jọ gé gbòǹgbò àwọn tó kù nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, Hamidah mú ọ̀bẹ, Ikrimah di igi mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n da tapólì bo ẹ̀yìn káńtà, Ikrimah sì ń wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá wọn, wọ́n ń bi í bóyá òkú ló gbé.

Mo tẹ̀ wọ́n láago lọ́sàn-án, wọ́n ní Òkè-Ọdẹ làwọn wà, ọ̀nà ò dáa. Mo tún tẹ̀ wọ́n láago, wọn ò tíì dé. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Hamidah tó pè mí fúnra ẹ̀.

"Bàbá, gbogbo wa la dé láyọ̀."

Mo ní gbogbo yín, àwọn wo nìyẹn?

"Èmi, ọkọ mi, àtigi. Kò séyìí tó rọ lọ́nà."